Owó ẹgbẹ́ ti pé díẹ̀: ṣé ámbúláǹsì la máa rà ní Ṣábẹ, àbí nǹkan mìíràn ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣe?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ · ọjọ́ Àìkú, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ti Ṣábẹ, ti Kétu, ti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Ó di oṣù mẹ́ta tí tírélà gbá àbúrò mi ọkùnrin lórí títì tó lọ sí Parakou ní Benin níbí, ó ku díẹ̀ kó wọ Kàbùà. Alẹ́ ni. Àwọn tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n mọ̀: wọ́n gbé e sórí zẹ́mìjàn, ọ̀kadà akérò wa, sí àárín awakọ̀ àti ọkùnrin kan tó dì í mú láti ẹ̀yìn, wọ́n sì sáré gbé e wá sílé. Itan ló ti ṣèṣe. Ní gbogbo ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ tẹ ojú egbò náà. Nígbà tí wọ́n fi gbé e dé ilé ìwòsàn kan, ó ṣì ń sọ̀rọ̀, ó ń béèrè omi. Irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Parakou. Láti agogo mẹ́sàn-án la ti ń wá ọkọ̀, ó lé ní mọ́kànlá ká tó rí. A ò tíì dé Tchaourou tó fi dákẹ́.

Látìgbà náà la ti ń dáwó. Àwọn ọmọ wa ní Kútọnu, Èkó àti Libreville ti fi tiwọn ránṣẹ́, ó sì ti lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́fà. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká lọ ra ámbúláǹsì àlòkù ní èbúté Kútọnu. Ọkàn mi ò gbà á tán, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Mò ń gbọ́ pé àwọn oníṣègùn ti ṣèwádìí lórí oríṣiríṣi nǹkan tó ń gba ẹ̀mí là kí aláìsàn tó dé iwájú dókítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìlera, àti ẹ̀yin tójú yín ti rí i rí, kí ni ká fi owó yìí ṣe?

Bàbá Awakọ̀ · ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ọmọ mi, Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ wà nínú ohun tí o kọ. Wákàtí méjì lẹ fi wá ọkọ̀. Ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wakọ̀ lórí títì yẹn, mo sì ti gbé òkú àti aláàyè lórí rẹ̀. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lóru kò ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Àìkú, 9:22 alẹ́

Ọmọ Òkè Ṣábẹ, ẹ kú àmúmọ́ra. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ tún rí irú ẹ̀.

Bàbá, òótọ́ ni pé wọ́n wá ọkọ̀ fún wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka wákàtí náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 17 ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó fara pa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó gba itan kọjá, bó bá já pátápátá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń pa èèyàn. Kì í dúró de ámbúláǹsì, ì báà jẹ́ tuntun. Bí àbúrò yín ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn ìjàǹbá náà fi hàn pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé kóun fi ọwọ́ méjèèjì tẹ egbò yẹn láti ẹ̀gbẹ́ títì, bóyá ìtàn ibẹ̀ á yàtọ̀. Mi ò sọ èyí láti dá àwọn tó gbé e lẹ́bi. Wọ́n sáré, wọ́n sì ṣàánú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ni.

Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rèé. Wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde, ya aṣọ tó bò ó kúrò kí o lè rí i. Ká aṣọ tó mọ́, fi dí ojú egbò, kí o wá fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ tẹ̀ ẹ́. Má máa ṣí i wò. Bí kò bá dá, tó sì jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀, ọ̀já ló kàn, èyí tí wọ́n ń pè ní garrot. Nígbà ogun Iraq, dókítà ológun Amẹ́ríkà kan, John Kragh, tẹ̀ lé àwọn tí wọ́n de ọ̀já fún ní ilé ìwòsàn kan ní Baghdad lọ́dún 2006. Àwọn tí wọ́n dè é fún kí ara wọn tó tutù, kí iyè wọn tó ń ra, nǹkan bí 90 nínú 100 ló yè. Àwọn tí wọ́n dúró títí ara fi tutù kí wọ́n tó dè é, nǹkan bí 10 nínú 100. Ọ̀já kan náà ni o.

Àwọn ọkọ̀ tí mo ti rí tí wọ́n kọ ámbúláǹsì sí lára, tí táyà wọn ti jò, tí koríko ti ń hù lábẹ́ wọn, wọ́n pọ̀ ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ta ló máa san owó epo? Ta ló máa jí lóru wà á? Ta ló máa jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú aláìsàn, kí ló sì mọ̀ ọ́n ṣe? Bí ẹ ò bá tíì ní ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tíì lọ sí èbúté.

Àgbẹ̀ Bẹ́sẹ̀ · ọjọ́ Àìkú, 9:51 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọ̀já yìí ń bà mí lẹ́rù. Ejò bu bàbá mi jẹ nínú oko kajú. Wọ́n fi okùn de ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè orúnkún láti òwúrọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹsẹ̀ náà ti dúdú. Wọ́n gé e. Igi ló fi ń rìn títí dòní. Ṣé irú ẹ̀ lẹ wá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ zẹ́mìjàn?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ kí bàbá fún mi.

Ti ejò yàtọ̀ pátápátá. A kì í de ọ̀já fún ẹni tí ejò bù jẹ, a kì í fi abẹ sín in, a kì í fi ẹnu fa oró. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ kúrò kó tó wú. Ẹ fi igi gbá ẹsẹ̀ náà ró bí ẹni tó kán, kí aláìsàn má rìn, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ kíákíá. Ní agbègbè tiyín, ejò kékeré kan wà tó máa ń fi ara ha ara tó ń dún bíi yanrìn nínú páànù. Oró tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì mọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n kò gba kúrà, ìyẹn iná mọ̀nàmọ́ná, rárá: wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ tó sì gbẹ, wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú láì mì í, wọ́n á wá dà á lójú dé. Bó bá ṣàn bí omi, oró ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, oògùn apa-oró ló kù. Ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì abúlé mọ̀ ọ́n ṣe.

Garrot wà fún ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde tí títẹ̀ kò dá dúró. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Òkè egbò ni, kì í ṣe orí oríkèé. Ẹ fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ó máa dùn ún gan-an. Kẹ́ ẹ wá kọ àkókò tẹ́ ẹ dè é sí iwájú orí rẹ̀, torí bó bá ti ń kọjá wákàtí méjì, ewu bẹ̀rẹ̀ fún ẹsẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ má sì tú u fúnra yín lójú ọ̀nà.

Apòògùn · ọjọ́ Ajé, 6:33 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Oògùn kan wà tí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ rẹ̀: tranexamic acid. Lára páálí tó ń wá sí ọ̀dọ̀ wa, acide tranexamique lẹ máa rí. Tọkọtaya ará Japan kan, Utako àti Shosuke Okamoto, ló ṣàwárí rẹ̀ ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ìyàwó ń wá ni bí ìyá ọlọ́mọ ò ṣe ní máa kú nítorí ẹ̀jẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí ayé tó dá wọn lóhùn. Ọdún 2010 ni ìwádìí CRASH-2 jáde: àwọn tó fara pa tó lé ní 20,000, ní ilé ìwòsàn 274, ní orílẹ̀-èdè 40. Nàìjíríà wà lára wọn. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún yọ́. Ẹni tó bá gbà á láàárín wákàtí kan, ewu kó kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Kò gba fíríìjì, kò sì wọ́n. Èmi á ní kẹ́ ẹ fi díẹ̀ sínú àpò gbogbo zẹ́mìjàn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Apòògùn, ẹ dákun, ẹ má ṣe jẹ́ ká kọ ọ́ báyìí síbi tí gbogbo èèyàn á ti kà á. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ni, gíráàmù kan, wọ́n sì ń rọra fún un fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kì í ṣe ohun tí ọmọ zẹ́mìjàn máa gún lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ẹ ò sì parí ìtàn náà: ìwádìí yẹn kan náà fi hàn pé bó bá ti kọjá wákàtí mẹ́ta, ó lè tún dá kún ikú. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì tó sún mọ́ títì jù lọ ló yẹ kó wà. Ẹni tó gbé aláìsàn dé gbọ́dọ̀ lè sọ pé, "agogo báyìí ló ṣẹlẹ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ kíkọ àkókò.

Apòògùn · ọjọ́ Ajé, 7:10 àárọ̀

Mo gbà. Mo kánjú kọ ọ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kó wà.

Agbẹ̀bí Kétu · ọjọ́ Ajé, 1:27 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ títì nìkan lẹ ń sọ látàná. Ní Kétu níbí, inú yàrá ìbímọ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń pa èèyàn wa. Apòògùn ti sọ ohun tí Ìyá Okamoto ń wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé báyìí.

Ìṣòro tiwa ni pé ojú ò lè wọn ẹ̀jẹ̀. Obìnrin á bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ sínú ìró, òmíràn á dà sílẹ̀, a ó fi omi fọ̀ ọ́ dànù, a ó ní "kò pọ̀." Nígbà tójú obìnrin náà bá ti funfun kó tó yé wa pé ó pọ̀, a ti pẹ́. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, mi ò sì gbàgbé ojú ẹni náà. Ó yè, àmọ́ kì í ṣe ọgbọ́n mi ló mú kó yè.

Lọ́dún 2023, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE jáde. Wọ́n ṣe é ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 200,000. Ike kan ni wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin tó ń bímọ. Ó ní àpò lẹ́nu tí gbogbo ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí, wọ́n sì fa ìlà sí àpò náà lára. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà, o ti mọ̀, kò sí àríyànjiyàn. Níbi tí wọ́n ti lo ike yìí, wọ́n rí 93 nínú gbogbo 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń dà jù. Níbi tí wọ́n ti ń fi ojú wò ó bíi tiwa, 51. Ìdajì ló ń bọ́ lójú wọn!

Bí wọ́n bá ti rí i, wọn kì í gbìyànjú ọ̀kan kí wọ́n dúró wò ó kí wọ́n tó ṣe èkejì. Lẹ́ẹ̀kan náà ni: wọ́n á fi ọwọ́ ra ilé ọmọ kó lè sún kì, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú un sún kì, wọ́n á fún un ní tranexamic acid, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara ló ya. Àwọn tí nǹkan wọn burú gan-an dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ kúrà náà wà ńbẹ̀. Oxytocin, abẹ́rẹ́ tí a ń lò láti mú ilé ọmọ sún kì, fẹ́ ibi tútù, bí kúrà bá lọ fún ìgbà pípẹ́, agbára rẹ̀ á máa dín kù láìjẹ́ pé ó yí àwọ̀ padà. Carbetocin, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà tí ooru kì í tètè bà jẹ́, ti wà báyìí. Wọ́n dán an wò lára obìnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000, ìwádìí náà sì jáde lọ́dún 2018. Àmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dà púpọ̀ ni wọ́n dán an wò fún o, kì í ṣe fún ìgbà tó bá ti ń dà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn bíi Ṣábẹ sí Parakou, aṣọ kan wà tí wọ́n ń wé mọ́ obìnrin láti kókósẹ̀ dé ikùn, tó ń fún ẹsẹ̀ àti ìdí kí ẹ̀jẹ̀ tó kù lè ráyè dé ọkàn àti ọpọlọ. Wọ́n ti lò ó ní Nàìjíríà àti Íjíbítì. Kì í wo nǹkan kan sàn, ó kàn ń fún yín láyè kẹ́ ẹ fi dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà ni. Ó ṣeé fọ̀, ó ṣeé tún lò. Bó bá jẹ́ èmi ni mo ni owó yín, ike àti aṣọ yẹn ni màá kọ́kọ́ rà.

Ìyá Ìbejì · ọjọ́ Ajé, 2:05 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, Agbẹ̀bí wa. Èmi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ní "kò pọ̀" fún. Aṣọ mẹ́rin ló rin gbingbin kí ẹnikẹ́ni tó sáré.

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọdé. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka ọmọ tó ń mí gulegule, ṣé ó yẹ kẹ́ ẹ rà á? Mo rí i lọ́jà Àjàṣẹ́, kò wọ́n.

Ọmọ Libreville · ọjọ́ Ajé, 7:48 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbójú sókè díẹ̀. Níbí, ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná jí ọkàn wà ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ọmọdé gan-an lè lò ó. Ẹ ra ọ̀kan sí ọjà Ṣábẹ. Ní Rwanda àti Ghana, dírónù ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí abúlé. Kí ló dé tí àwa ò lè ṣe tiwa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Parakou · ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ni, kí ẹni tó bá mọ̀ jù mí lọ tún un ṣe fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Libreville, ẹ̀rọ ọkàn yẹn dára níbi tó yẹ. Frank Pantridge ní Belfast ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ sínú ámbúláǹsì lọ́dún 1965, bátìrì mọ́tò ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn tó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì tí kò lè tú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ló wà fún. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá ń gba nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lára ìrètí aláìsàn. Ọkàn ẹni tí tírélà gbá kì í sábà dúró nítorí ìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ ló tán nínú rẹ̀, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì lè dá ẹ̀jẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ti ọkàn, ọwọ́ méjì ló yẹ ká kọ́kọ́ kọ́ wọn láti lò: títẹ àárín àyà, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kó wọlé tó 5 sẹ̀ǹtímítà. Bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n fà yọ nínú odò, ẹ kọ́kọ́ mí sí i lẹ́nu kẹ́ ẹ tó máa tẹ̀ ẹ́, torí afẹ́fẹ́ ló ṣaláìní.

Ti dírónù: òótọ́ ni. Rwanda bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, Ghana lọ́dún 2019. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2022 lórí ti Rwanda ní àkókò tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dé ilé ìwòsàn dín kù ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò nítorí pé ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá náà sì dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n ìjọba ló bá ilé iṣẹ́ náà dá àdéhùn. Mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́fà kò lè ra ìyẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe nípa ẹ̀jẹ̀ ni kí ọmọ ẹgbẹ́ fi tiwọn sílẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ tí àbúrò yín fara pa, ká ní ogún èèyàn ló wà níta tí wọ́n ń nawọ́, wọn ò lè kàn fa ẹ̀jẹ̀ wọn sí i lára lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn éèdì, àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C àti àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis, kí wọ́n sì mọ irú rẹ̀. Ẹ kàn sí ANTS, àjọ ìjọba tó ń gba ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Benin, iṣẹ́ wọn ni. Ẹ ní kí wọ́n wá sí ìlú lọ́jọ́ àjọ̀dún tí gbogbo ọmọ Ṣábẹ bá wálé, kẹ́ ẹ máa pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́rin, torí ẹ̀jẹ̀ pupa kì í pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ nínú fíríìjì.

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rọ ìka yẹn ṣe pàtàkì. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ronú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ọ́síjìn inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kan fi hàn pé ó máa ń tan èèyàn jẹ lára àwọn aláwọ̀ dúdú: ó lè kọ 94, bíi pé kò séwu, nígbà tí ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ṣẹlẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn òyìnbó. Làálì àti ọ̀dà èékánná náà ń ṣì í lọ́nà, àti ìka tó tutù. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá dára tí ihò imú ọmọ sì ń fẹ̀, tí egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, ọmọ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Èyí tó wà lọ́jà, mi ò mọ ẹni tó dán an wò. Ọmọdé fẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú, torí ìka wọn kéré.

Zẹ́mì Kàbùà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:58 àárọ̀

Mo ti ń ka èyí látàná láì sọ̀rọ̀. Zẹ́mìjàn ni mo ń wà. Èmi kọ́ ni mo gbé àbúrò yín, ṣùgbọ́n mo ti gbé irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa.

Ẹ̀rù ń bà wá. Bí ẹni náà bá kú lórí ọ̀kadà rẹ, àwọn ẹbí lè ní ìwọ lo pa á. Ọlọ́pàá lè ní kó o wá jókòó. Ẹ̀jẹ̀ á kún aṣọ rẹ, o ò sì mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ọ̀pọ̀ wa máa ń yí orí ọ̀kadà padà. Mi ò lè parọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè wá, akoto ni wọ́n sọ, ìyẹn náà dára. Bí ẹ bá máa kọ́ wa, ẹ fún wa ní ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ọlọ́pàá wà níbẹ̀ kó sọ ọ́ létí gbogbo ènìyàn pé ẹni tó gbé aláìsàn kì í ṣe ọ̀daràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Parakou · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Kàbùà, ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí ẹ sọ yẹn ni wọ́n ti ṣe ní Ghana. Wọ́n kọ́ awakọ̀ akérò 335 ní ìtọ́jú àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ wákàtí mẹ́fà péré. Nígbà tí wọ́n padà lọ bi díẹ̀ lára wọn léèrè ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi ló ti fi ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́. Ìwádìí náà jáde lọ́dún 2004.

Ní Amẹ́ríkà náà, nígbà tí ọlọ́pàá ló ṣì ń gbé aláìsàn bí ẹrù ní Pittsburgh, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọn ò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni Dókítà Peter Safar kọ́ láti ọdún 1967. Freedom House ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ni àwọn ìlú mìíràn wo àpẹẹrẹ wọn nígbà tó yá.

Agbẹ̀bí Kétu · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:16 ọ̀sán

Wákàtí mẹ́fà kò tó bí wọn ò bá tún un kọ́. Èèyàn ń gbàgbé. Kẹ́ ẹ máa pè wọ́n padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é lójú yín, kì í ṣe kí wọ́n jókòó gbọ́. Mo lè wá ní ọjọ́ kan fún apá tàwọn obìnrin, bí ẹ bá sanwó ọkọ̀ mi láti Kétu.

Bàbá Awakọ̀ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:03 ìrọ̀lẹ́

Mo ní kí ọmọ-ọmọ mi ka gbogbo rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Síbẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ tẹ egbò rẹ̀ lójú títì, ẹ máa gbé e lọ síbì kan. Ti zẹ́mìjàn ò dára fún ẹni tó kán lẹ́yìn tàbí lọ́rùn. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni Bàbá sọ. Ẹni tó kán lọ́rùn, pákó tó gùn ló yẹ ká fi gbé e, èèyàn mẹ́rin, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kó má yí. Ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn ló gba irú pákó bẹ́ẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ámbúláǹsì. Nọ́ńbà 118 ti pọmpíyé, àwọn panápaná, náà, kẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ènìyàn láti kọ́kọ́ pè é, ibi yòówù kí wọ́n ti máa bọ̀.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:45 alẹ́

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú àwọn àgbà lónìí. Ó pẹ́ ká tó dé ojú kan, kò sì tíì parí.

Ibi tá a dé rèé: wọ́n gbà ká dá ọ̀rọ̀ èbúté dúró. Ẹ̀kọ́ àwọn zẹ́mìjàn ló máa ṣáájú, láti Ṣábẹ dé Kàbùà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ọ̀já tó fẹ̀ àti bírò tí kì í tètè pa rẹ́ fún kíkọ àkókò. Màá lọ bá ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra mi. Agbẹ̀bí, a máa san owó ọkọ̀ yín, a sì fẹ́ ra ike yẹn fún yàrá ìbímọ, ẹ bá wa wádìí ibi tó ti ń wá. Lórí aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ obìnrin yẹn, àwọn àgbà kan ní àwọn ìyá nìkan ló wà fún, ẹnì kan ní ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn bóyá wọ́n á lò ó. Mo kọ̀wé sí ANTS ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Ìyá mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ṣì dára tí òun bá fi sílẹ̀. Ó ti lé ní ẹni ọdún 70. Mi ò mọ èsì tí mo lè fún un.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:08 alẹ́

Ẹ sọ fún Ìyá pé ọjọ́ orí wọn ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wá jókòó síbi tá a ti ń gbà á. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá rí wọn níbẹ̀, wọ́n á nawọ́.

Bàbá Awakọ̀ · ọjọ́ Rú, 6:11 àárọ̀

Peugeot mi wà nílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, ọmọ mi mọ̀ ọ́n wà, ẹnu ọ̀nà títì ló sì ń gbé. Bí ẹgbẹ́ bá lè máa san owó epo, kẹ́ ẹ pè é nígbàkigbà tó bá jẹ́ lóru. Mi ò gba nǹkan kan. Kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá wọ̀n ọ́n bóyá pákó yẹn á wọlé.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · ọjọ́ Rú, 6:30 àárọ̀

Kẹ́ ẹ fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà o, ẹni tó máa kúnlẹ̀ tẹ egbò títí wọ́n á fi dé.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ · ọjọ́ Rú, 6:52 àárọ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ òní pẹ̀lú okùn ìwọ̀n. Zẹ́mì Kàbùà, bí ẹ bá ráyè, ẹ wá bá wa níbẹ̀.